Àlọ́ ọba tó hùwo: ṣé tiwa ni, àbí ìwé ilé-ìwé ló gbé e wá?

Àbẹ̀ní_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mo wà ní ọdún tó kẹ́yìn ní yunifásítì, ẹ̀ka èdè Yorùbá, àlọ́ ọba tó hùwo ni mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Ẹ mọ̀ ọ́n: ìwo hù lórí ọba, adé ló fi ń bò ó, onígbàjámọ̀ nìkan ló rí i. Ọba ní bó bá sọ ọ́ síta, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ikùn onígbàjámọ̀ wú, kò lè jẹ, kò lè sùn. Ó wọ igbó lọ, ó gbẹ́ ihò, ó sọ ọ̀rọ̀ náà sínú ilẹ̀, ó sì dí i. Igi hù níbẹ̀, ẹnìkan gé e fi ṣe fèrè, ni fèrè bá ń kọ "Ọba hùwo, ọba hùwo."

Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi wá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò rí èsì fún. Wọ́n ní àwọn Gíríìkì ní irú ìtàn yìí nípa ọba Midas, pé etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni tiẹ̀, ó sì ti wà nínú ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ilé-ìwé látijọ́. Wọ́n ní báwo ni mo ṣe mọ̀ pé kì í ṣe tíṣà kan ló kà á fún àwọn ìyá àgbà wa. Màmá mi àgbà ló pa á fún mi, wọn ò sì jókòó ní kíláàsì rí, ṣùgbọ́n ọ̀gá ní ìyẹn nìkan ò tó. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Tíṣà_Àgbà

Ọmọ mi, ìbéèrè gidi ni ọ̀gá rẹ bi ọ́, má fi ojú ìjà wò ó. Kọ́kọ́ lọ mọ ohun tó wà nínú ti Midas gan-an, nítorí ọ̀pọ̀ tó ń dárúkọ rẹ̀, ti wúrà nìkan ni wọ́n gbọ́, pé gbogbo ohun tó bá fọwọ́ kàn á di wúrà. Ti etí yìí ìtàn mìíràn ni, ọba kan náà ni wọ́n fi lé lórí.

Midas tó jọba ní tòótọ́ wà ní Fíríjíà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Tọ́kì lónìí, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ ṣáájú ìbí Jésù. Aristophanes, òǹkọ̀wé eré Gíríìkì, ti fi etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ ṣe àwàdà nínú eré tó ṣe ní Áténì ní 388 ṣáájú ìbí Jésù, ìyẹn fi hàn pé àwọn èrò ìwòran ti mọ ìtàn náà kó tó dìgbà yẹn. Ovid, ará Róòmù, ló wá kọ ọ́ kún, nínú ìwé kọkànlá Metamorphoses, ní nǹkan bí ọdún 8 lẹ́yìn ìbí Jésù. Ó ní àwọn òrìṣà Gíríìkì méjì, Apollo àti Pan, ń díje orin, wọ́n ní Apollo ló borí, Midas ní òun ò gbà, Apollo bá bínú sọ etí rẹ̀ di ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Midas wé láwàní aláwọ̀ àlùkò lé e. Ẹrú tó ń gẹ irun rẹ̀ rí i, kò lè sọ ọ́, kò sì lè gbé e mì, ó gbẹ́ ilẹ̀, ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sínú kòtò, ó kó iyẹ̀pẹ̀ dí i. Koríko gíga hù níbẹ̀. Nígbà tó pé ọdún kan tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, koríko tú ọ̀rọ̀ náà síta.

Wàyí o, gbé tiwa tì í. Níbo ni ìdíje orin wà nínú tiwa? Òrìṣà wo ló bínú sí ọba? Ọba wa kàn jí lọ́jọ́ kan ni, ìwo ti hù. Lọ́dọ̀ Ovid, afẹ́fẹ́ ló mú koríko sọ̀rọ̀. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn ló gé igi tó fi ṣe fèrè, fèrè ló kọrin. Mo ti kọ́ ọmọ kéékèèké fún ọdún gbọọrọ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lè sọ fún ọ pé bí tíṣà bá ka ti Midas fún wọn, ohun tí wọ́n máa gbé délé ni etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Òun ló ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá gbàgbé ibi tó dùn jù, kí wọ́n wá rántí kòtò, ó ṣòro fún mi láti gbà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Gidi

Ẹ má pa mí o. Ọba wà níbi gbogbo. Onígbàjámọ̀ wà níbi gbogbo. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ńkọ́? Ilé wa nìkan, a ní bíi mẹ́ta. Kí ló dé tí a fi gbọ́dọ̀ gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni? Àwọn náà ro tiwọn, àwa náà ro tiwa. Ó tán.

Àdùkẹ́_London

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, ẹ jẹ́ n bá yín jiyàn díẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan lè hù níbi gbogbo lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe so kọ́ra: àbùkù tó pamọ́ sórí ọba, ẹni tó ń tọ́jú orí náà tó rí i, ikú tí a fi halẹ̀ mọ́ ọn, ihò inú ilẹ̀, ohun tó hù lójú ihò náà, ohùn tó jáde lára ohun tó hù. Kí ibi méjì tí wọn ò gbúròó ara wọn rí to gbogbo rẹ̀ tẹ̀léra báyẹn, ìyẹn ni mi ò lè gbà. Àbẹ̀ní, ibi tí mo fẹ́ kí o dúró sí nìyí. Má fi ohun kan ṣoṣo wé ohun kan ṣoṣo. Okùn ìtàn náà ni kí o wò, bí ìkọ̀ọ̀kan ṣe bí èkejì.

Ibi ìkówèésí ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà màá fún ọ ní ohun tí wàá fi wá a. Ìwé atọ́ka àwọn ìtàn àgbáyé tí Hans-Jörg Uther tún ṣe ní 2004, tí wọ́n ń pè ní ATU, fi ìtàn yìí sí nọ́ńbà 782. Stith Thompson wà ṣáájú rẹ̀, kókó inú ìtàn ni òun tò lọ́kọ̀ọ̀kan. N465 ni àbùkù ara tí onígbàjámọ̀ rí. D1316.5 ni koríko tàbí igi tó tú àṣírí. F511.2.2 ni ènìyàn tó ní etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tàbí ti ẹṣin. Ṣé o rí i pé méjì àkọ́kọ́ bá tiwa mu rẹ́gí, ìkẹta kò bá a mu? Kọ ìyẹn sílẹ̀ fún ọ̀gá rẹ. Kí o sì mọ̀ pé ìtàn ilẹ̀ Yúróòpù ló pọ̀ jù nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, bí o ò bá rí Yorùbá nínú ìlà kan, kò fi hàn pé a ò ní in.

Ó kù o. Ní Ireland, Labhraidh Loingseach ni ọba náà, etí ẹṣin ló ní. Ó ń pa gbogbo ẹni tó bá gẹ irun rẹ̀, títí ó fi kan ọmọ kan ṣoṣo opó. Opó sunkún, ọba dá ọmọ sí, ó sì mú un búra. Àṣírí náà dá ọmọ ọ̀hún dùbúlẹ̀ àìsàn, bí ti ikùn tó wú nínú tiwa. Babaláwo ilẹ̀ wọn ní kó lọ sọ ọ́ fún igi kan. Igi yẹn ni onídùùrù ọba gé nígbà tí dùùrù rẹ̀ bàjẹ́, ọjọ́ tó kọ́kọ́ ta á láàfin ni dùùrù sọ̀rọ̀. Seathrún Céitinn ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìtàn ilẹ̀ Ireland ní àwọn ọdún 1630. Ní Serbia, Trojan ni, etí ewúrẹ́ ni, àwọn darandaran ló gé igi fi ṣe fèrè. Vuk Karadžić gba ìyẹn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ará ìlú ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún.

Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni ti Kòríà. Ọba Gyeongmun ti Silla, ìjọba àtijọ́ kan níbẹ̀, jọba láti 861 sí 875. Wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sínú Samguk Yusa, ìwé ìtàn àtijọ́ wọn, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá. Onígbàjámọ̀ kọ́ ló rí etí rẹ̀, ẹni tó ń rán fìlà rẹ̀ ni. Ọkùnrin yìí pa ẹnu mọ́ títí ayé rẹ̀, ìgbà tó rí i pé òun máa kú ló lọ sọ ọ́ sínú igbó ọparun. Afẹ́fẹ́ fẹ́, ọparun ní etí ọba dà bí ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Ọba ní kí wọ́n gé ọparun dànù, kí wọ́n gbin igi mìíràn síbẹ̀. Ìyẹn náà kò dákẹ́, "etí ọba gùn" nìkan ló wá ń sọ.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Gidi

Kòríà kẹ̀? Ta ló gbé e lọ síbẹ̀, DHL?

Àdùkẹ́_London

Ẹ̀gbọ́n! Àwọn oníṣòwò ni. Nínú ibojì àwọn ọba Silla ní Gyeongju, wọ́n hú àwọn ife gíláàsì jáde tó ti ọ̀nà Róòmù àti Páṣíà wá. Bí gíláàsì bá dé ibẹ̀ láìfọ́, kí ló máa dá ìtàn dúró?

Alfa_Ìwó

Àsàláàmù aléékùmù o. Gbogbo yín ń wo ọ̀nà Yúróòpù ṣáá. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà mìíràn hàn yín.

Etí lẹ ń bá kiri, ìwo sì ni tiwa. Ìtàn ọba oníwo wà. Nínú Sūratul Kahfi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ké lọ́jọ́ Jímọ̀, ọba kan wà tí à ń pè ní Zul-Qarnayn, Oníwo Méjì. Ọ̀pọ̀ onítumọ̀ Kùránì ní Alẹkisáńdà, ọba Masidóníà ìgbàanì, ni. Alẹkisáńdà yìí lọ sọ́dọ̀ òrìṣà Ammon ní Siwa, nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì, ní 331 ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n sì kí i ní ọmọ òrìṣà náà. Ìwo àgbò ni àmì Ammon. Nígbà tí Alẹkisáńdà kú, Lysimachus, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gágun rẹ̀ tó di ọba, rọ owó tó ya orí Alẹkisáńdà sí, ìwo àgbò sì wà lára orí náà. Ẹ ò rí i? Áfíríkà ni ìwo ti gbéra.

Nizami, akéwì ìlú Ganja tó kú ní nǹkan bí 1209, fi ìtàn onígbàjámọ̀ sínú ìwé Alẹkisáńdà tó fi èdè Páṣíà kọ. Etí gígùn ni Alẹkisáńdà ní níbẹ̀. Onígbàjámọ̀ sọ ọ́ sínú kànga, koríko hù, darandaran gé e fi ṣe fèrè. Ní ilẹ̀ Uzbek wàyí, ìwo ló jẹ́. Ohun tí wọ́n ń pa fún ọmọdé níbẹ̀ títí dòní ni pé Iskandar, bí wọ́n ṣe ń pe Alẹkisáńdà, ní ìwo lórí. Ọba, ìwo, onígbàjámọ̀, fèrè. Èwo nínú ti Yúróòpù ló sún mọ́ tiwa tó èyí?

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù sì ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí àwọn míṣọ́nnárì tó dé Badagry ní 1842. Àwọn Hausa àti Tápà ń bá wa nájà, àwọn alfa ń rìn, wọ́n sì ń pìtàn. Bí ìtàn yìí bá ti ibòmíràn wá, kí ló dé tó fi jẹ́ ọ̀nà ìwé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀gá ọmọ yìí rí?

Tíṣà_Àgbà

Alfa, mo gbádùn ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká là á yékéyéké kí ọmọ má lọ kọ ìkọkúkọ. Nínú Kùránì, kò sí onígbàjámọ̀, kò sí kòtò, kò sì sí àṣírí kankan. Odi ni Zul-Qarnayn mọ níbẹ̀, láti fi dènà Yājūj àti Mājūj. Inú ìtàn tí àwọn ènìyàn ń pa nípa Alẹkisáńdà ni onígbàjámọ̀ ti wọlé. Ohun méjì nìyẹn.

Alfa_Ìwó

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni, bàbá. Àwọn apìtàn ni mo ń sọ. Mo kàn mẹ́nu ba Kùránì kí ẹ lè mọ bí etí wa ṣe di ojúlùmọ̀ ọba oníwo ni. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí Àbẹ̀ní bi àwọn tó ń pa á: ìwo kan ni, àbí méjì? Ìbéèrè kékeré ni, ṣùgbọ́n bí púpọ̀ nínú wọn bá ní méjì, ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ díẹ̀. Bí wọ́n bá ní ẹyọ kan, ẹ wá nǹkan mìíràn wí.

Ìyá_Ìlẹ̀kẹ̀

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹ ti rìn dé Kòríà, ẹ ò tíì wọ ààfin tiwa?

Ìran tó ń sin adé ni mo ti wá, lápá Ẹfọ̀n-Alààyè, níbi tí iṣẹ́ adé onílẹ̀kẹ̀ ti gbajúmọ̀. Adé ńlá wa ní ìlẹ̀kẹ̀ tó ń ṣàn bo ojú ọba. Ojú lásán kì í wo ojú ọba lójú agbo. Inú adé náà, èèwọ̀ ni fún ọba fúnra rẹ̀ láti yọjú wò ó. Orí ọba kì í ṣe orí tí ẹnikẹ́ni ń wò bó ṣe wù ú. Ní Gíríìkì, láwàní tí Midas wé, ó wé e nítorí ìtìjú ni. Lọ́dọ̀ wa, orí ọba ti pamọ́ kí ìwo tó hù. Ìyẹn ló mú kí ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ wa wúwo ju ti ẹrú Midas lọ. Ibi tí ojú lásán kò gbọdọ̀ wò ni abẹ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹ tún wo ilẹ̀ tó sọ ọ́ sí. Ẹrú Midas rò pé ibi tí kò séti ni òun ti lọ sọ̀rọ̀. Ta ni nínú wa ló máa rò bẹ́ẹ̀? Ilẹ̀ la fi ń mulẹ̀. Ilẹ̀ ni àwọn Ògbóni ń pè ṣe ẹlẹ́rìí. Ẹni tó bá bá ènìyàn dá májẹ̀mú tó yẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ ló ń mú un. Onígbàjámọ̀ búra fún ọba, ó wá lọ tú ìbúra náà sí etí ẹni tó ń ṣọ́ ìbúra. Lójú tèmi, kì í ṣe igi ló tú àṣírí yẹn. Ilẹ̀ ló mú un.

Nítorí náà, Àbẹ̀ní, bó bá ti Gíríìkì wá, bó bá ti Mẹ́kà wá, bó bá jẹ́ pé ibí ló ti hù, ohun tí a fi ṣe ni kí o kọ. Mi ò ní fi gbogbo iṣẹ́ wá ibi tó ti wá, bí mo bá jẹ́ ìwọ.

Àdùkẹ́_London

Mà, ẹ ṣeun. Ti ilẹ̀ yìí wọ̀ mí lára gan-an ni. Àbẹ̀ní, èyí gan-an ni mo ń fi okùn ìtàn wá. Okùn yẹn ń jẹ́ kí o mọ̀ pé ìtàn kan náà ni. Ohun tí ìlú kọ̀ọ̀kan pààrọ̀ lórí okùn náà, ibẹ̀ ni wàá ti rí ìlú yẹn fúnra rẹ̀.

Kúnlé_Lítíréṣọ̀

Ẹ jẹ́ n mú un dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹkọ̀wé, torí mo rò pé ọ̀gá rẹ máa béèrè, àti pé ibẹ̀ ló dùn jù fún èmi.

Òǹkọ̀wé kì í gba ìtàn kó fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Béroul, tó kọ ìtàn Tristan ní èdè Faransé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìlá, gbé etí ẹṣin fún ọba Mark ti Cornwall. Aràrá kan ló mọ àṣírí náà. Àwọn ìjòyè ń yọ ọ́ lẹ́nu pé kó sọ ohun tó mọ̀. Ó ní òun ò ní sọ ọ́ fún wọn, igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni òun máa bá sọ̀rọ̀, bí wọ́n bá sì wà nítòsí tí wọ́n gbọ́, ọ̀rọ̀ tiwọn nìyẹn. Ìwà agbẹjọ́rò gbáà! Kò sí fèrè, kò sí dùùrù. Nígbà tí ọba gbọ́, ó bẹ́ aràrá náà lórí.

Chaucer, akéwì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá, ṣe ohun tó burú jù. Ó fi ìtàn Midas sẹ́nu Ìyàwó ará Bath, obìnrin inú ìwé rẹ̀ tó ti sin ọkọ márùn-ún. Obìnrin yìí ní ìyàwó Midas ló mọ àṣírí, òun ló sáré lọ sétí irà, òun ló sọ ọ́ fún omi, torí pé obìnrin kò lè pa ẹnu mọ́. Ó dá a dúró níbẹ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìyókù kó lọ ka Ovid. Ẹni tó bá lọ ka Ovid, ọkùnrin ló máa bá níbẹ̀! Chaucer mọ ohun tó ń ṣe. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ibẹ̀ títí dòní.

Lọ́dọ̀ tiwa, Amos Tutuola fi ọba oníwo sínú The Brave African Huntress ní 1958. Kà á dáadáa, fi wé ti màmá yín àgbà. Ṣùgbọ́n má fi Tutuola ṣe ẹ̀rí pé àlọ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa, ọ̀gá rẹ máa já ọ ní koro. Tutuola lọ ilé-ìwé fún ọdún bíi mélòó kan, ọ̀gá lè ní ibẹ̀ ló ti gbọ́ Midas. Ohun tí o lè fi í ṣe ni láti fi hàn bí àlọ́ ẹnu ṣe ń yí padà nígbà tó bá wọnú ìwé, bó ṣe di ẹ̀ka kan lára ìrìn-àjò gígùn, tí kò dá dúró mọ́.

Ohun mìíràn: má ṣe gbogbo ayé. Bí o bá kó Ireland, Serbia, Kòríà, Chaucer àti Uzbek pọ̀ sínú iṣẹ́ àṣekágbá kan, wọ́n á ní o kàn ń to orúkọ ni. Mú ẹyọ kan péré láti òkè òkun. Èmi á mú Midas, torí òun ni ọ̀gá fi ko ọ́ lójú. Fi àwọn yòókù sí ojú ìwé kan.

Alfa_Ìwó

Mú Iskandar.

Kúnlé_Lítíréṣọ̀

Alfa, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ gboyè ná 😂

Agbohùnsílẹ̀

Èmi kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, mo kàn ti ń gba àlọ́ sílẹ̀ lórí fóònù káàkiri abúlé ni. Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀.

Má bi àgbà pé "ṣé ẹ mọ àlọ́ ọba tó hùwo?" Bí o bá bi wọ́n bẹ́ẹ̀, o ti fi ìwo sí wọn lẹ́nu. Sọ pé àlọ́ kan wà tí fèrè ń tú àṣírí nínú rẹ̀, kí o sì dákẹ́. Jẹ́ kí wọ́n pa á tán lọ́nà tiwọn. Lẹ́yìn náà ni kí o ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, kí o ní wọ́n pa á fún ọ níbòmíràn pé etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni. Bí wọ́n bá kọ̀ ọ́ gidigidi, o rí nǹkan kọ. Bí wọ́n bá ní "ẹn-ẹn, a ti gbọ́ ìyẹn náà nílé-ìwé", o tún rí nǹkan kọ, ó sì lè dára ju tàkọ́kọ́ lọ.

Gba orin sílẹ̀ lọ́tọ̀, lílé àti ègbè. Ọ̀rọ̀ àlọ́ máa ń yí padà lẹ́nu ẹni kọ̀ọ̀kan, orin kì í tètè yí. Bí o bá bá ọ̀rọ̀ àtijọ́ nínú orin náà tí apàlọ́ fúnra rẹ̀ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́, má fò ó. Bi wọ́n irú igi tí wọ́n gé. Àwa tí a dàgbà lábúlé, igi ewé ìbẹ́pẹ ni a fi ń ṣe fèrè nígbà èwe, bí apàlọ́ bá ní ìbẹ́pẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ eré ọmọdé ló gbé e sí i lọ́kàn. Bi wọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ sí onígbàjámọ̀ nígbẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni àwọn apàlọ́ ti máa ń yapa jù: àwọn kan á pa á, àwọn kan á dá a sí, àwọn kan á ní ìtìjú mú ọba wàjà.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù, má kàn kọ "Ìbàdàn" síwájú orúkọ apàlọ́. Bi wọ́n níbi tí a ti bí ìyá wọn. Ìyàwó ilé ló ń gbé àlọ́ láti ìlú dé ìlú, ó gbé e wọlé ọkọ pẹ̀lú ẹrù ìgbéyàwó. Àlọ́ tí o gbà ní Ìbàdàn lè jẹ́ ti Ṣakí pátápátá.

Tíṣà_Àgbà

O káre. Kó sì dé ibi tí wọn kò ti lo ìwé Gẹ̀ẹ́sì, bí ọ̀nà bá là. Kétu, ní ilẹ̀ Benin, ti wà lábẹ́ Faransé nígbà ìjọba òyìnbó, àwọn ọmọ ibẹ̀ kò ka ìwé tí àwọn ọmọ Abẹ́òkúta kà. Bí àgbà tí kò kàwé ní Kétu bá pa á pẹ̀lú ìwo àti fèrè, ìbéèrè ọ̀gá rẹ á yí padà.

Onígbàjámọ̀_Mushin

Èmi onígbàjámọ̀ paraku. Ẹ ò mọ ohun tí ojú wa ń rí lórí àwọn ènìyàn ńlá. A ò sọ ọ́. Àlọ́ yìí ba iṣẹ́ wa jẹ́ gidi.

Àbẹ̀ní_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣé púpọ̀, ẹ̀yin òbí mi àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Mo pe Màmá àgbà. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n bí ìyá wọn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, Abẹ́òkúta ni mo rò pé gbogbo wa ti wá. Alfa, wọ́n ní ìwo ẹyọ kan ni, ní àtàrí gan-an, kì í ṣe iwájú orí. Nígbà tí mo ní ẹnìkan sọ pé etí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ni ò ní rí ìyẹn lábẹ́ adé. Wọ́n ní igi tí wọ́n gé kò lórúkọ, "igi tó hù níbẹ̀" ni. Ọba kò pa onígbàjámọ̀. Ó ní kó wá tún orí òun fá lójú gbogbo ìlú.

Mo ti pinnu báyìí: àlọ́ tiwa láti ìlú mẹ́ta, Ìṣẹ́yìn, ibì kan lápá Èkìtì, àti Kétu bí mo bá rí ẹni mú mi dé ibẹ̀. Midas nìkan ni màá fi wé e. Orí kan á dá lórí adé àti ilẹ̀, bí Ìyá Ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wí. Ti Iskandar á wà ní ojú ìwé kan, Alfa, ẹ má bínú sí mi. Ṣé ẹnikẹ́ni mọ ará Kétu?

Alfa_Ìwó

Mi ò bínú. Ìwo kan lẹ́nu ẹnìkan kò tíì parí ọ̀rọ̀. Béèrè ní Èkìtì.

Ọmọ_Kétu_Cotonou

Ẹ kú ìjókòó o. Kétu ni bàbá mi ti wá. Mo ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi kan tó wà nílé, mi ò sì dárúkọ ìwo, bí Agbohùnsílẹ̀ ṣe ní ká ṣe. Wọ́n ní àwọn mọ àlọ́ kan tí fèrè ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ojúmọmọ ni mo pè, àwọn kì í pàlọ́ lọ́sàn-án. Kí n pe àwọn padà lálẹ́ Sátidé. Àbẹ̀ní, fi àwọn ìbéèrè rẹ ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ náà, màá gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ọ bí wọ́n bá fọwọ́ sí i.